Kòkòrò alágídí inú gbòǹgbò eyín: bí a ṣe ń fọ ihò náà tí yóò fi mọ́

Eyín tí a ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ kì í ṣàdédé padà wú. Bí ó bá wú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún méjì, yálà a fi kòkòrò sílẹ̀ níbẹ̀ ni, tàbí a ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Ẹ̀yin dókítà eyín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ ni mo kọ èyí fún, yálà ilé ìwòsàn ńlá lẹ wà tàbí kíl̀íníìkì alága kan ṣoṣo tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tí eyín ń dùn náà lè kà á, yóò mọ ìdí tí a fi ń pẹ́ lórí eyín kan tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú kò pọ̀. A máa ń wá oògùn tó le jù kiri, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí oògùn dé ni ọ̀rọ̀ wà. Hypochlorite (omi bleach tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò) tí kò le púpọ̀ tó dé ṣónṣó gbòǹgbò, tó pẹ́ níbẹ̀, tí a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, sàn ju èyí tó ń ta ni nímú tí kò kọjá ìdajì ihò.

Ta ni a ń bá jà?

Ní 1965, Kakehashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí mùdùnmúdùn eyín (ẹran rírọ̀ inú rẹ̀) àwọn eku sílẹ̀. Eku tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan kò sí, oúnjẹ ń há sínú eyín wọn, síbẹ̀ mùdùnmúdùn náà kò kú, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Eku tó ń gbé bí gbogbo eku ṣe ń gbé, mùdùnmúdùn tiwọn jẹrà, àrùn sì wọ egungun ìdí gbòǹgbò. Àríyànjiyàn parí: kòkòrò ló ń fa àrùn ìdí gbòǹgbò, òun náà la sì gbọ́dọ̀ lé jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tó ń gbé inú eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò fẹ́ afẹ́fẹ́, wọn kò sì ṣòro pa. Nínú eyín tí a ti tọ́jú tó wá padà bàjẹ́, orúkọ kan ló máa ń jáde ṣáá: Enterococcus faecalis. Ó lè wà fún ìgbà pípẹ́ láìrí oúnjẹ gidi jẹ. Ó ń wọ inú àwọn ihò tín-ín-tín tó wà lára ògiri eyín, níbi tí fáìlì, irin tín-ín-rín tí a fi ń ha inú ihò gbòǹgbò, kò lè dé láé. Calcium hydroxide tí a ń fi sínú ihò láàárín ìpàdé méjì, tó ń pa kòkòrò yòókù, òun a máa fara dà á, nítorí ó mọ bí ó ṣe ń fa ásíìdì wọ inú ara rẹ̀ láti fi bá a dọ́gba. Nígbà mìíràn ẹ ó tún bá Candida albicans níbẹ̀, irú ìwúkàrà kan tí kì í tilẹ̀ ṣe bakitéríà.

Wọn kì í dá gbé. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, wọ́n á sun ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara wọn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á wà. Oògùn tó bá dà lé wọn, àwọn tó wà lókè ló ń kú. Àwọn ti ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. A nílò ohun tó ń tú ibùgbé wọn ká, kì í ṣe ohun tó ń pa kòkòrò nìkan.

Ibẹ̀ náà ni Ampiclox àti Flagyl tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́mísí ti kùnà. Oògùn tí a gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri. Mùdùnmúdùn tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wíwú lè rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò ṣì wà nípò rẹ̀. Ẹni tí wíwú rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró ní kíl̀íníìkì kékeré. LAUTECH Teaching Hospital àti ilé ìwòsàn Bowen wà nílùú, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ.

Kí omi tó wọ inú eyín

X-ray lẹ ó kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà ẹ ha gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, ẹ sì yọ ohun tí wọ́n ti fi dí eyín náà tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀, kódà bí ó bá ń dán. Abẹ́ ohun àtijọ́ tí a fi dí eyín ni ojú ọ̀nà kòkòrò sábà máa ń wà.

Rubber dam wá ni ohun tí a máa ń fò nítorí owó tàbí ìkánjú. Láti 1864 tí Sanford Barnum ti lo rọ́bà pẹlẹbẹ láti ya eyín sọ́tọ̀ kúrò nínú itọ́, a kò tíì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Itọ́ díẹ̀ tó bá ṣàn wọlé lásìkò iṣẹ́ kó kòkòrò tuntun wá, hypochlorite tó bá sì jò sí ọ̀fun aláìsàn lè bó o. Èmi ò gbà pé òwú dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tó. Níbi tí rubber dam kò bá sí, ẹ pa ìrora náà, kí ẹ rán aláìsàn lọ síbi tó wà. Bí ògiri eyín bá ti wó débi pé rọ́bà kò rí ibi dì mú, ẹ fi glass ionomer (símẹ́ńtì eyín) mọ ògiri náà padà ná. Ó ń gba àkókò díẹ̀, àmọ́ inú eyín náà yóò lè gba omi dúró, ẹ ó sì mọyì rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ihò tí ẹ kò rí, ẹ kò lè fọ̀ ọ́. Eyín ńlá àkọ́kọ́ tòkè ní gbòǹgbò mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbòǹgbò iwájú tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní ihò méjì. Ìkejì kéré, ó sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ètè eyín kékeré kan. Ti ìsàlẹ̀ náà, gbòǹgbò ẹ̀yìn rẹ̀ lè ní ihò méjì níbi tí ẹ ti ń retí ẹyọ kan. Ọgbọ́n kan tí kò náni ní kọ́bọ̀ rè é: ẹ da hypochlorite kún yàrá eyín, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí i, kí ẹ sì máa wò. Níbi tí ẹran tó ń jẹrà bá wà, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ojú kan tí ẹ rò pé ògiri lásán ni. Ẹ fi fáìlì 8 tàbí 10 yẹ ojú náà wò.

Gígùn gbòǹgbò, ẹ fi apex locator (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí gbòǹgbò parí sí) wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi X-ray jẹ́rìí sí i. Ẹ dúró ní bí 0.5 sí 1 mm kí ẹ tó kan ṣónṣó tí X-ray ń fi hàn.

Ìwọ̀n ibi tí ẹ gbẹ́ dé wá ńkọ́? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé fáìlì ń lànà, omi ló ń fọ̀. Abẹ́rẹ́ 30 gauge nípọn tó bí 0.3 mm. Bí ẹ bá dúró sí fáìlì 25, ẹnu ihò náà ní ìsàlẹ̀ kò ju 0.25 mm lọ, abẹ́rẹ́ yín kò ní lè súnmọ́ ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ eyín, ẹ gbìyànjú kí ẹ dé 30 tàbí 35 bí gbòǹgbò bá gbà á láìtẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára lójú X-ray ti ń kùnà: ihò náà funfun rekete nínú àwòrán, omi kò sì dé ìsàlẹ̀ rí.

Hypochlorite: rírà, títọ́jú, lílo

Kò sí omi mìíràn tó ń yọ́ ẹran tó ti kú, tó ń tú ibùgbé kòkòrò ká, tó sì tún ń pa wọ́n. Àwọn èèyàn ń lò ó láti ìdá 0.5 nínú 100 títí dé bí 6. Dakin, tó lò ó fún ojú ọgbẹ́ àwọn sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìdá 0.5 ló lò. Èmi fara mọ́ bí 2.5: ó lágbára tó láti yọ́ ẹran, bí ó bá sì ṣèèṣì jáde, wàhálà rẹ̀ kò tó ti èyí tó le jù. Ẹni tó bá fẹ́ràn 5, mi ò bá a jà, kó ṣáà máa ṣọ́ra. Èyí tó rọ̀, ẹ fi ọ̀pọ̀ omi àti ọ̀pọ̀ àkókò gbè é lẹ́sẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ bleach ìfọṣọ lẹ máa lò, ẹ ka ara ike rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ní òórùn dídùn, èyí tó ki, tàbí èyí tí wọn kò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n tò síta níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún alágbàfọ̀. Oòrùn àti ooru ń lé chlorine inú rẹ̀ lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ náà ń dín in kù; ohun tí wọ́n kọ sára ike lè máà jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wá ike tí ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀, ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Bí ẹ bá fẹ́ là á, omi distilled ni, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tàbí pure water. Èyí tí ẹ là lónìí, ẹ má gbé e pamọ́ di oṣù tó ń bọ̀.

Kí síríǹjì tó wọ ẹnu, ẹ wọ gíláàsì fún aláìsàn, ẹ sì bo aṣọ rẹ̀. Ẹni tó ti òde àríyá wá pẹ̀lú aṣọ òfì kò ní gbàgbé yín bí ẹ bá fi àmì funfun sí i lára.

Abẹ́rẹ́ tó dára ni èyí tí ẹnu rẹ̀ dí, tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi rọ́bà sàmì sí i lára, kó má lè kọjá 1 sí 2 mm kí ó tó dé òpin ìwọ̀n yín. Kò gbọdọ̀ há. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi, ẹ máa mi abẹ́rẹ́ náà lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá há pẹ́nrẹ́n, ẹ fà á sẹ́yìn. Ìka ìfábẹ̀lá ni kí ẹ fi ti síríǹjì, ẹ má fi àtàǹpàkò, torí agbára àtàǹpàkò ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Omi tó bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá bí 1 mm síwájú ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá dúró láàárín ọ̀nà, àárín ọ̀nà náà ni omi yín dúró.

Lẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán mílílítà 2. Má jẹ́ kí ihò náà gbẹ nígbàkígbà tí fáìlì bá wà nínú rẹ̀. Chlorine máa ń tán bí ó ti ń pàdé ẹran àti kòkòrò, omi tó ti dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan ti di omi lásán. Ẹ máa wo omi tó ń jáde: lákọ̀ọ́kọ́ yóò dàrú, yóò máa hó, yóò sì máa rùn, nígbà tó bá yá yóò mọ́ gaara, híhó náà á sì dáwọ́ dúró. Ìyẹn kò sọ pé iṣẹ́ ti parí, ó kàn ń sọ fún yín pé èyí tó rọrùn ti kúrò ni. Lórí eyín ńlá, ẹ jẹ́ kí hypochlorite fi bí ìdajì wákàtí ṣiṣẹ́ lápapọ̀.

Ẹ rú omi náà

Bí mo bá ní kí ẹ fi owó sí ohun kan, ibí ni. Gbòǹgbò kì í ṣe páìpù. Láàárín ihò méjì, ọ̀nà tóóró máa ń wà tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀ka kéékèèké sì wà nítòsí ṣónṣó. Fáìlì kò wọ ibẹ̀, omi tó dúró jẹ́ẹ́ kò sì wọ ibẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ tún máa ń há, omi kò ní lè kọjá rẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ultrasonic, tó ń gbọ̀n omi kíákíá, kó kún ihò pẹ̀lú hypochlorite tuntun, kó ti ṣónṣó irin náà dé bí 2 mm sí òpin, kó má jẹ́ kó kan ògiri, kó tan án fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kó pààrọ̀ omi, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tí kò ní i, tàbí tí wọ́n mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò tan, ẹ má jókòó máa wo ojú aláìsàn. Ẹ mú gutta-percha (ohun bíi rọ́bà tí a fi ń dí ihò gbòǹgbò) tó bá ihò náà mu gẹ́lẹ́, ẹ gé e kó dín ní 1 mm sí ìwọ̀n, ẹ ti i bọ inú omi, ẹ wá máa fà á sókè sódò ní 2 sí 3 mm, bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí gutta-percha náà bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀, yóò lé afẹ́fẹ́ tó há kúrò, yóò sì ti omi wọ inú àwọn kọ̀rọ̀. Ó ń ro ni lọ́wọ́, ó rọrùn láti fò, ẹ má fò ó.

EDTA, àti èyí tí kò gbọdọ̀ pàdé

Bí fáìlì ti ń ha ògiri, ó ń fi ẹrẹ̀ kan sílẹ̀ tó ń dí àwọn ihò tín-ín-tín náà, kòkòrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Hypochlorite kò lè yọ apá tó jẹ́ egungun nínú ẹrẹ̀ náà. EDTA ìdá 17 nínú 100 ló ń yọ ọ́, ìṣẹ́jú kan péré sì tó. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ń jẹ ògiri eyín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún da hypochlorite sí i fún ìgbà díẹ̀, kó lè wọ inú àwọn ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ sínú síríǹjì kan ṣoṣo, torí EDTA ń gba chlorine lọ́wọ́ hypochlorite.

Chlorhexidine, omi apakòkòrò mìíràn, ní ìdá 2 nínú 100 wúlò nínú eyín tó padà wú, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò lè yọ́ ẹran, kò lè rọ́pò hypochlorite. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á dì, wọ́n á di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ohun tó dì náà á sì dí ihò tí ẹ ti ṣe wàhálà lé lórí. Ẹ fi normal saline (omi iyọ̀) ṣan hypochlorite jáde dáadáa, ẹ fi paper point (bébà tín-ín-rín tó ń fa omi mu) gbẹ ẹ́, kí ẹ tó mú chlorhexidine jáde. Síríǹjì mẹ́rin, lẹ́bẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Gbogbo wọn ló dà bí omi lójú.

Bí hypochlorite bá jáde kọjá ṣónṣó

Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Aláìsàn á ké lójijì, àní pẹ̀lú abẹ́rẹ́ apàrora, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa wú lójú yín, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde láti inú ihò. Ẹ dá omi dúró. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ fi normal saline fọ ihò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fún un ní oògùn ìrora, ẹ fi yìnyín tí a wé nínú aṣọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì, kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ pè é ní alẹ́, ẹ rí i lọ́jọ́ kejì. Bí wíwú bá ń gòkè sí ojú, tàbí tó ń sọ̀ sí ọ̀fun, ó di ti ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa ṣàn án, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Eyín ọmọdé tí ṣónṣó rẹ̀ kò tíì pa dé, tàbí eyín tí ẹnì kan ti lu ògiri rẹ̀ jáde, ni kí ẹ fi ṣọ́ra jù.

Ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?

Bí ihò bá gbẹ, tí kò rùn, tí ọyún kò jáde, ẹ lè dí i lọ́jọ́ kan náà. Ìwádìí kò fi hàn pé ìpàdé méjì ń borí ìpàdé kan ní gbogbo ìgbà. Paper point ni kẹ́ ẹ bi léèrè. Bí òpin rẹ̀ bá ń jáde tutù, tàbí pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò, ẹ má dí i.

Nígbà náà ni calcium hydroxide wúlò. Ẹ po ó pẹ̀lú normal saline kó ki, ẹ fi lentulo (irin lílọ́ tó ń yí, tó ń gbé oògùn wọ ihò) gbé e dé ìsàlẹ̀ gan-an, kó kún dénú, torí bí kò bá kan ògiri kò lè ṣe nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí ó ṣe jìnnà sí ásíìdì tó) tó bí 12.5, E. faecalis sì lè fara da títí dé bí 11, eyín fúnra rẹ̀ tún máa ń pa agbára oògùn náà, kò sì dájú pé yóò le tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ihò tín-ín-tín. Ẹ má fi iṣẹ́ tí omi kò ṣe dé ibẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Èyí tó ń bà iṣẹ́ jẹ́ jù láàárín ìpàdé méjì ni ohun tí a fi dí ojú eyín. Kó nípọn tó 4 mm, kí òwú má pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lásìkò máńgòrò, tí ìlú wa kì í fi ṣeré, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi igi ta okùn máńgòrò jáde lára eyín náà. Ọjọ́ tí wọn yóò padà wá náà sì gbọ́dọ̀ bá ọjà wọn mu. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní, “Dókítà, ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó tún wá? Ọjà lẹ ń bà jẹ́ fún mi yìí o.” Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, Mà. Ọjọ́ wo ni kì í ṣe ọjọ́ ọjà yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn mú ọjọ́, wọ́n máa ń wá.

Eyín tí wọ́n ti tọ́jú tẹ́lẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí tó fi bàjẹ́. Ihò kan tí wọn kò rí ni? Ohun tí wọ́n fi dí i ló jò ni? Gbòǹgbò tó sán ni? Èyí tó sán kò gbọ́ ti hypochlorite, yíyọ ni. Bí kò bá sán, gbogbo gutta-percha àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde, torí kòkòrò wà láàárín òun àti ògiri. Ẹ fi X-ray wò ó kí ẹ tó gbà pé ó ti tán. Nínú irú eyín yìí, ìpàdé méjì ni mo ń ṣe, mo ń fi kún àkókò rírú omi, chlorhexidine ni mo sì ń fi kádìí rẹ̀.

Dídí i, àti lẹ́yìn ìyẹn

Gutta-percha tó wà nínú páálí kì í ṣe èyí tó mọ́. Ẹ rì í sínú hypochlorite ìdá 5 fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ẹ kó irinṣẹ́ tó mọ́ jáde. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ fi ohun ìdíyín gidi dí ojú eyín, eyín ńlá sì nílò crown (ìbòrí tó ń bo gbogbo orí eyín) kó tó di pé egungun ẹran là á sí méjì. Aláìsàn tó bá sọ pé owó crown kò tíì sí, ẹ sọ fún un pé kó wá sọ́dọ̀ yín bí ohun tí ẹ fi dí i bá ṣí díẹ̀, kó má dúró de ìrora, torí eyín tó ti kú kò ní dùn ún nígbà tí itọ́ bá ń jò wọlé.

Ẹ ya X-ray lẹ́yìn ọdún kan. Bí òjìji ìdí gbòǹgbò bá ti kéré sí i ṣùgbọ́n tí kò tíì lọ tán, ẹ máa ṣọ́ ọ títí dé ọdún mẹ́rin, egungun kì í kánjú. Bí ó bá ń tóbi sí i láìka pé ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ó lè jẹ́ pé kòkòrò bí Actinomyces ti jáde lọ kọ́lé sínú egungun, níbi tí omi kankan kò lè dé láti inú ihò. Iṣẹ́ abẹ ló kù: a ó ṣí erìgì, a ó gé bí 3 mm kúrò ní ṣónṣó gbòǹgbò, a ó sì dí i láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń rán aláìsàn lọ fún un, ẹ kó gbogbo X-ray rẹ̀ fún un, àti ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ irú omi tí ẹ lò àti ìwọ̀n tí ẹ gbẹ́ dé sínú ìwé.